Ìyá Tí Wọ́n Ní Ó Jẹ Ọmọ Ọmọ Rẹ̀

Kò ní ibà, kò bì, kò sunkún. Ìbùkún jẹun alẹ́, ó sùn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà ti di òkú sórí ẹní.

Ẹ̀rù ti ń ba ilé náà ní àdúgbò Fidjrossè létí òkun tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí Ìbíjọkẹ́ dé láti ìlú Pobè, kó lè bá Adéníyì ọmọ rẹ̀ tọ́jú àwọn ọmọ, ni òwìwí bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí páànù wọn. Láti ìgbà náà ni Ọlámidé, ìyàwó Adéníyì, ti ń fi àkísà dí fèrèsé yàrá Ìbùkún pinpin, tó sì ń jó tùràrí lórí èédú síbẹ̀, kí ẹyẹ má baà rọ́nà wọlé.

Orí òkú ni Jàmíátù, aládùúgbò wọn, ti la ẹnu. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ìyá Ìbùkún, kí lo tún fẹ́ kí wọ́n wí fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọlámidé lára. Ó kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbàgbé ọ̀wọ̀.

"Ìwọ ìyá yìí, ọmọ mi dùn lẹ́nu rẹ?"

"Ọlámidé, èmi tí mo ń pọ̀n ọ́n?"

"O ń pọ̀n ọ́n kí o lè mọ bó ṣe sanra tó!"

Ìbíjọkẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. Adéníyì, akọ̀wé tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ níbi iṣẹ́ ní Ganhi, ń wo ilẹ̀. Ìyẹn dun ìyá náà ju èébú lọ. Wọ́n kó ẹní rẹ̀ sí ìta, wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Bó bá fọwọ́ kan Testimony, àbúrò Ìbùkún, omi àdúrà ni Ọlámidé fi ń fọ ibẹ̀.

"Ọlọ́run ni odi mi," ni ìyá ń wí ṣáá. Ó ń wí i, ó ń sunkún, nítorí ìgbàgbọ́ kò ní kí èébú má dun ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọlámidé tẹ́ Testimony sínú yàrá tó dí náà, ó jó tùràrí rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn pa, òun àti ọkọ rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Láti ìta, ìyá gbọ́ tí ọmọ ń bì. Ó pè é, kò dáhùn. Bó bá fọ́ fèrèsé, àjẹ́ tó já wọlé ni wọn yóò pè é. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọmọ odó, ó fi fọ́ fèrèsé náà, ó fa ọmọ jáde.

Ibẹ̀ ni tọkọtaya náà ká a mọ́, ọmọ ti dákú láyà rẹ̀. Ọlámidé fi bàtà gbá a lẹ́nu títí eyín kan fi kán. Jàmíátù ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n sáré gbé ọmọ lọ sí òpìtáàlì, ìyá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

Dókítà pe Adéníyì àti ìyá rẹ̀ wọlé. Ọlámidé ń yí nílẹ̀ níta, ó ń gbàdúrà.

"Ọmọ yóò yè," ni dókítà wí. "Èéfín èédú nínú yàrá tí wọ́n dí pa ló fẹ́ pa á. Ẹni tó fọ́ fèrèsé ló gbà á là."

Ọ̀rọ̀ Ìbùkún sọ sí Adéníyì lọ́kàn: yàrá kan náà, èédú kan náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àforíjì ló tọrọ.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí Ọlámidé gbọ́. Bó bá mọ̀ pé òun ló pa ọmọ rẹ̀, á pa ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lórí yín bẹ́ẹ̀."

"Lórí mi?"

"Ẹ ti dàgbà, Màmá."

Ìbíjọkẹ́ fẹ́ jáde lọ pariwo òtítọ́ náà kí gbogbo Fidjrossè gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣì kù tó nílò ìyá.

"Lọ gbé ìkòkò èédú yẹn jù sínú òkun," ó ní. "Kí o sì búra fún mi pé ẹnikẹ́ni kò ní dí fèrèsé yẹn mọ́."

Adéníyì búra.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá ìyá padà sí ìlú rẹ̀; níbi tí ọkọ̀ Pobè ti ń dúró, Ọlámidé tutọ́ sí i lójú. "Àjẹ́! Ọlọ́run ló gba Testimony lọ́wọ́ rẹ!"

Ìyá nu itọ́ náà. "Ọlọ́run ló gbà á, ọmọ mi."

Ó wọkọ̀. Adéníyì ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ń kánjú. Ọlọ́run tó mọ òtítọ́ nìkan ló bá a gba ọ̀nà Pobè lọ.