Ọ̀rọ̀ Méjì àti Orin Ẹsẹ Mẹ́rin

Ìwé ni onídùùrù kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó mú un dání. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Gbọ̀ngàn ìṣeré kún fọ́fọ́, gbogbo ojú wà lórí ìtàgé, àfi ojú ọmọbìnrin kan tó jókòó ní ìlà kẹta. Ó tẹ́ ìwé ògbólógbòó kan sórí itan, ó ń fi pẹ́ńsù tọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó dúdú, ó ń dán, irun tó dì sẹ́yìn sì ti ń tú díẹ̀díẹ̀ sétí kan láìjẹ́ pé ó bìkítà. Ìgbàkígbà tí òṣèré bá dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí orin sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọmọbìnrin náà á mi orí, á fa ìlà kan sínú ìwé, á ṣí ewé mìíràn.

Ìsàlẹ̀ ìtàgé ni onídùùrù máa ń jókòó sí. Tó bá yí ọrùn díẹ̀, ó máa ń rí àwọn tó jókòó síwájú. Òun ló kọ gbogbo orin inú eré náà, ọdún méjì gbáko ló sì fi ṣe é. Ó ti rí ẹni tó sùn lọ nídìí orin rẹ̀ rí. Kò tíì rí ẹni tó ń máàkì í bí ìwé ìdánwò. Nígbà tó fi máa di orin kẹfà, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣì tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀mejì.

Bí eré ṣe parí, ó sáré lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Èmi ni mò ń tẹ dùùrù. Kí lẹ ń kọ sínú ìwé yẹn?"

Ọmọbìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ibi tí ẹ fò ni mò ń sàmì sí."

"Ibi mélòó la fò?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Ibi tó dáa ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tún ojú ṣe. "Bàbá mi ló kọ ìwé yìí. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí etí wọn ò ti gbọ́rọ̀ mọ́. Wọn ò lè gbọ́ orin yín, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí n wá bá àwọn wò ó, kí n fi wé ohun tí àwọn kọ."

Lẹ́tà ni wọ́n fi gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá náà kí wọ́n tó sọ eré rẹ̀ di eré olórin. Onídùùrù ò tíì fojú kàn án rí.

Tíṣà ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti kọ eré náà. Ìyá kan ló wà nínú rẹ̀ tí kò mọ̀wé, tí ọmọ rẹ̀ wà lókèèrè. Lẹ́tà dé pé ọmọ náà ti kú. Aládùúgbò tó ń bá ìyá ka lẹ́tà kò lè sọ ọ́ jáde, ló bá ń ka irọ́: ọmọ ń gbádùn, ọmọ ti sanra, ọmọ kí gbogbo ilé. Oṣù lórí oṣù, aládùúgbò ń dá lẹ́tà kọ, ó ń dá a kà. Níkẹyìn, ìyá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó ní, "Ẹ ṣé." Ọ̀rọ̀ méjì péré, iná ìtàgé kú. Ìgbà yẹn ni òǹwòran tó mọ̀ pé ìyá ti mọ̀ tipẹ́.

Nínú eré olórin, orin ẹsẹ mẹ́rin ni ìyá ń kọ níbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Orin yẹn ló ń mú kí gbogbo gbọ̀ngàn dìde pàtẹ́wọ́. Òun ni wọ́n ń kùn lẹ́nu bí wọ́n bá ń relé.

"Ibi mẹ́tàdínlógún ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ orí ìdúró," onídùùrù ní. "Ẹ jẹ́ kí n máa wá sọ tẹnu mi, ibi kan lójúmọ́."

"Mélòó lẹ rò pé ẹ máa jàre níbẹ̀?"

"Tí mo bá jàre ẹyọ kan, ó tó mi."

Ilé ìtẹ̀wé ni ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka gbogbo ìwé kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, tó ń wá àṣìṣe jáde. Nítorí pé ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan, Máfòó ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì, onídùùrù bá a lórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ fèrèsé ilé ìtẹ̀wé. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, bẹ́ǹṣì náà a máa gbọ̀n lábẹ́ wọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi àkọ́kọ́. Àwàdà kan ni, tí aládùúgbò dá nígbà tó wọlé.

"Kí ló dé tí ẹ yọ ọ́?" Máfòó bi í.

"Kò pa mí lẹ́rìn-ín."

"Ó ń pa àwọn tó gbọ́n lẹ́rìn-ín."

Máfòó jàre ìyẹn, ó sì jàre ìkejì. Ìkẹta, onídùùrù ṣàlàyé pé ohun tí ojú ewé méjì sọ nínú ìwé, ìlù díẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ ti sọ ọ́ lórí ìtàgé. Máfòó ronú títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi tutù, ó ní, "Mo gbà fún yín." Onídùùrù gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sí etí ìwé: *Ó gbà fún mi lónìí. Kí ẹni tó bá kà á jẹ́rìí.*

Ọjọ́ kẹjọ ni "ẹ" kúrò lẹ́nu wọn tí "o" wọlé. Kò sí ẹni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Ìkẹsàn-án ni orin tí aládùúgbò ń dá kọ nínú yàrá rẹ̀, lẹ́yìn tó ti purọ́ tán. Ìlà kan péré ni bàbá kọ síbẹ̀ nínú ìwé: aládùúgbò jókòó, ó gbàgbé láti bọ́ bàtà.

"Mo sunkún níbi orin yẹn," Máfòó ní. "Mo sì tún fa ìlà sí i."

"Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ niṣẹ́."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n sọ̀rọ̀ tán, wọn ò sì dìde.

"Ọ̀la ló parí," onídùùrù ní.

"Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í kà. Ó lè jẹ́ mẹ́tàlélógún."

"Ìwọ, Máfòó? Ìwọ tí ojú ẹ kì í fo nǹkan?"

"Ojú mi ti ń fò láìpẹ́ yìí," ó ní, ó ń wo ilẹ̀. "Ibì kan ṣoṣo ló ń wò."

Onídùùrù fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ tó wà lórí ìwé, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí aago iṣẹ́ fi lù.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá bèèrè ìwé, Máfòó á kọ ọ́ sí síléètì tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ pé ó ku díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, bàbá fúnra rẹ̀ mú un nínú báàgì ọmọ rẹ̀. Ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé méjì nínú rẹ̀. Ó ka gbogbo àríyànjiyàn, gbogbo àpárá, títí ó fi dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Onídùùrù ti kọ ọ́ síbẹ̀ ṣáájú àkókò: *Níbí, mi ò gbà rárá. Ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ tó báyìí gbọ́dọ̀ kọrin.*

Bàbá pa ìwé dé. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè nítorí pé kò gbọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Mo rán ọ níṣẹ́, o lọ fi wá ọkọ. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́, báwo ló ṣe máa gbé ilé pẹ̀lú ẹ?"

Ó kọ lẹ́tà sí ìyá tó jẹ́ olùdarí eré pé kí wọ́n dá ìparí náà padà sí bí òun ṣe kọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gba àṣẹ òun padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí Máfòó ròyìn rẹ̀, bẹ́ǹṣì ò rọgbọ.

"Orin tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn," onídùùrù ní. "Òun ni gbogbo èèyàn ń wá gbọ́. Ṣé o fẹ́ kí n ge apá mi ni?"

"Mi ò ní bá ọ jà lórí ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láyé. Lọ bá wọn."

"Wọn ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mi."

"Ìwọ lè gbọ́ tiwọn," Máfòó ní, ó sì wọlé lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni onídùùrù fi bá ọkàn ara rẹ̀ jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá náà nínú pálọ̀ tí ìwé kún dé òrùlé. Máfòó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Onídùùrù gba síléètì, ó kọ ọ́ pé: *Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí kò gbọdọ̀ kọrin?*

Bàbá kà á, ó gbé síléètì sílẹ̀.

"Kò sí aládùúgbò kankan," ó ní. "Èmi ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣiṣẹ́ lókèèrè, lẹ́tà dé, ìyá mi ní kí n kà á. Ìlà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Mo ka tó ojú ewé méjì. Mo ní ara rẹ̀ le. Mo ní ó ti sanra. Nígbà tí mo parí, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n ká a, wọ́n ní, 'O ṣé.' Ó di ọdún mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìwé ni wọ́n ń wò nígbà tí mò ń kà. Ojú mi ni wọ́n ń wò."

Máfòó dìde níbi tó wà. Láti ọjọ́ tó ti ń ka ìwé yẹn, kò gbọ́ èyí rí.

"Wọn ò kọrin," bàbá ní. "Èmi ni mo wà níbẹ̀."

Onídùùrù nu síléètì. Ó kọ ọ́ pé: *Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ máa rí i.*

Ìyá olùdarí ò kọ́kọ́ gbà. "Orin yẹn ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá," ó ní. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń bèèrè?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà. Èmi ni mo kọ ọ́."

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, wọ́n gbé àga fún bàbá nísàlẹ̀ ìtàgé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Bàbá yí àga náà padà. Ó kẹ̀yìn sí eré, ó kọjú sí àwọn òǹwòran. "Mi ò lè gbọ́ yín," ó ṣàlàyé. "Ẹ jẹ́ kí n wo àwọn tó ń gbọ́."

Ó ń wo ojú wọn bí ìgbà tó ń wo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Nígbà tó kan orin aládùúgbò nínú yàrá, bàbá rí obìnrin kan tó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rí bàbá àgbàlagbà kan tó bọ́ awò ojú rẹ̀, tó ń nù ún. Ó yíjú wo ẹ̀yìn láti mọ ibi tí eré dé, ó sì rí òṣèré náà lórí ìjókòó, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ṣé tìtorí ẹni tó purọ́ ni wọ́n ṣe ń sunkún?" ó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè.

Onídùùrù, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí dùùrù, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá tún kọjú sí wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe eré yẹn kó tó di eré olórin, ẹ̀rín ni àwọn èèyàn máa ń fi aládùúgbò rín. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá, kò sí ẹni tó ṣàánú ọmọ tó ka lẹ́tà.

Ìparí dé. Ìyá gba ìwé, ó ká a, ó ní, "Ẹ ṣé." Onídùùrù gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí dùùrù, ó fi wọ́n lé orúnkún. Bàbá wo ọwọ́ náà. Ó wo inú gbọ̀ngàn: kò sí ẹni tó mira, ọmọdé kan tiẹ̀ ya ẹnu sílẹ̀. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí iná kú. Nígbà tí iná tún tàn, bàbá ti di ọwọ́ onídùùrù mú.

"Ọmọ mi," ó ní, "o fún ìyá mi ní ohun tó jẹ́ tiwọn, o sì fún èmi náà ní tèmi. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lórí bẹ́ǹṣì, onídùùrù ní, "Ọ̀rọ̀ tán lórí ìwé. Ohun tó kù ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí n kọ́kọ́ wo àṣìṣe inú rẹ̀?"

"Máfòó mi, dá mi lóhùn."

"Mo máa fẹ́ ọ," ó ní. "Inú mi dùn débi pé mi ò lè ṣe àwàdà mọ́."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òòrùn rọra ń ràn. Bàbá ní kí wọ́n wá máa gbé ọ̀dọ̀ òun, kí ilé má bàa dá páropáro. Ọjọ́ tí wọ́n máa kó wọlé, wọ́n bá a nínú pálọ̀ tó ń ti tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀ lọ sí igun, tí ìwé rẹ̀ sì wà nílẹ̀ káàkiri.

Máfòó sáré kọ ọ́ sí síléètì: *Bàbá, kí lẹ ń ṣe?*

"Mò ń wá àyè fún dùùrù," bàbá ní. "Ibí ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa jù."

*Ariwo rẹ̀ ńkọ́?*

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ìwé ara rẹ̀. "Ṣé èmi ló máa yọ lẹ́nu? Kó máa tẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni mi ò lè rojọ́ nínú ilé yìí."

Ọkọ dúró sí apá kan tábìlì, ìyàwó dúró sí apá kejì, wọ́n sì bá a gbé e.