Ẹni Tó Ń Kan Àpáta Wò

"Ìwọ aláṣọ pupa! Kó àwọn àlejò rẹ kúrò níbẹ̀!"

Òkè ni ohùn náà ti wá. Notburga gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan tó fi okùn rọ̀ sára àpáta Mönchsberg, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ Notburga ni láti máa mú àlejò yí ìlú Salzburg ká. Odi funfun tó jókòó sórí òkè bí adé ló ń fi hàn wọ́n lọ́wọ́.

"Àpáta yìí ti wà kí wọ́n tó bí ọ," Notburga dá a lóhùn. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró ni?"

"Rárá o. Mo kàn ń bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́."

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Notburga náà rẹ́rìn-ín, ó sì kó wọn kúrò níbẹ̀.

Virgil lorúkọ ọkùnrin náà. Lọ́dọọdún, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi òòlù kan gbogbo ara àpáta náà wò, kí òkúta má baà já lu àwọn ilé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, wọ́n á hú u.

"Láti òkè yẹn," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan létí odò Salzach, "mo ń rí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń rí odò, mo ń rí yìnyín orí àwọn òkè ńlá. Síbẹ̀, olólùfẹ́ mi, aṣọ pupa lojú mi ń wá."

Ṣùgbọ́n Korbinian, bàbá Notburga, kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí Virgil wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì rẹ̀ fara ti àpáta náà gan-an.

"Àbúrò mi náà ṣe iṣẹ́ yẹn. Òkú rẹ̀ la gbé wálé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ ni kó o fẹ́," ó sọ fún Notburga.

Ní àárọ̀ ọdún Rupert Mímọ́, ẹni mímọ́ ìlú Salzburg, tí ọjà ń tà jù, Virgil wọlé tòun ti eruku lára.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù. Òkúta kan lókè ilé yín ò dún dáadáa."

"Torí mi ò fún ọ lọ́mọ, o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́?"

"Ká ní mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn mi ni, màá ní kò séwu. Mi ò lè parọ́ fún yín, Bàbá."

Korbinian fìbínú ti ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án, Virgil àti ẹgbẹ́ rẹ̀ hú òkúta náà. Ó tóbi tó ààrò. Àga tí bàbá náà máa ń jókòó lé mu kọfí lẹ́yìnkùlé ló já lù, àga ọ̀hún sì fọ́ túútúú.

Korbinian pe Virgil àti Notburga wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó mú búrẹ́dì kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fi ìka kan ìdí rẹ̀, bó ti ń ṣe láti ogójì ọdún.

"Búrẹ́dì tó bá dún bí igbá òfìfo ló jinná. Ní ti òkúta tiyín, èyí tó bá dún bẹ́ẹ̀ ló burú. Etí kan náà la jọ ń lò."

Ó yíjú sí Virgil, ó kan àyà rẹ̀, ó tẹ́tí sí i.

"Báwo ló ṣe dún, Bàbá?" Notburga bi í.

"Kò sófìfo níbẹ̀." Ó na búrẹ́dì náà sí ọmọkùnrin náà. "Ṣùgbọ́n okùn méjì ni kó o máa lò."

"Méjì náà là ń lò, Bàbá."

"Lo mẹ́ta. O ti fẹ́ di ọkọ ọmọ mi."