Omi Ẹran fún Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ wọlé, kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó wú bíi pé ó fi odidi ẹyin pamọ́ sẹ́nu, òwú funfun sì yọ díẹ̀ ní igun ètè rẹ̀. Síbẹ̀ ọkùnrin náà dúró ṣánṣán níwájú tábìlì ẹran, bí ẹni tó wá ra gbogbo ìsọ̀.

Ọmọbìnrin alápatà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó mọ irú wọn. Ilé ìwòsàn eyín ló kọjú sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ti yọ eyín ọgbọ́n rẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, ebi ní í darí rẹ̀ wá síbẹ̀.

Ọkùnrin náà nawọ́ sí itan màlúù.

"Rárá o. Kí lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́? Ojú?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora ta á, ó yára di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ọmọbìnrin náà bá a rẹ́rìn-ín ọ̀hún tán pátá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹnu ọkùnrin yìí ò sì lè sọ ohunkóhun lọ́jọ́ náà, nítorí náà ojú ló fi sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ṣa eegun fún un. "Ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi dùn. Ẹ má fi ata sí i. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi ṣíbí mu ún. Ẹ má fà á mu bí ọmọdé ṣe ń fa ohun mímu o. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò yẹn ló ń wò ó sàn. Bó bá ṣí kúrò, ẹ ó jẹ̀rora."

Iṣẹ́ aago títúnṣe ni ọkùnrin náà ń ṣe, sùúrù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, òwú ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun wá bèèrè ohun tó kàn.

"Ọ̀dùnkún. Ẹ sè é kó rọ̀, kí ẹ gún un mọ́ bọ́tà."

Ó tún dé. "Ẹyin ńkọ́?"

"Iná jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fi pò ó, kó má gan. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa náà dára."

"Ẹ̀pà ńkọ́?"

"Ẹ̀pà kẹ̀? Kó lè lọ há síhò? Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ṣé ọgbọ́n inú eyín yẹn ni wọ́n bá yín yọ dànù?"

Nígbà tí wíwú náà lọ tán, ó ṣì ń wá. Ọmọbìnrin náà kò fi bò mọ́. "Kí lo tún wá bèèrè báyìí?"

"Ohun tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ràn láti jẹ," ni Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fèsì. "Èmi ni mo fẹ́ máa sè é."

Inú ọmọbìnrin náà dùn. Wàhálà kan ṣoṣo tó kù ni bàbá rẹ̀.

Bàbá kì í ta ẹran tí òun fúnra rẹ̀ kò bá tíì tọ́ wò. Láràárọ̀ ni í sun ẹyọ ẹran kan, a sì jẹ ẹ́ lójú àwọn oníbàárà. "Eyín mi ni ẹlẹ́rìí mi," ni í máa ń wí. Nígbà tí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wá tọrọ ọmọ, Bàbá gbé egungun ìhà sísun síwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ihò eyín mi ò tíì dí. Èyí le jù fún mi."

"Ọkùnrin tí kò lè jẹ ẹran ló fẹ́ wọ ilé alápatà? Mi ò lọ́mọ fún ọ. Wo bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́!"

Bàbá gé e jẹ. Iṣan ta ní iwájú orí rẹ̀, ó sì rọra yí ẹran náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rí i. Ì bá sọ ọ́ níbẹ̀, kó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde.

Ọmọbìnrin náà bá a lẹ́nu ọ̀nà. "O ò sọ nǹkan kan! Ṣé ó ti sú ọ ni?"

"Èmi kẹ̀? Fọkàn balẹ̀, ìfẹ́ mi. Bàbá nìkan ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Kí ìsọ̀ tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bá Bàbá nídìí ààrò, níbi tí Bàbá ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri tútù.

"Apá ọ̀tún ni, àbí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́nì kan. Èmi náà ti fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun rí. Ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Bàbá wo ọ̀bẹ, ó wo ilé ìwòsàn eyín ní òdìkejì títì. Ọkùnrin tó ti ń pa màlúù láti ìgbà èwe rẹ̀ wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ibẹ̀ gùn."

"Màá di ọwọ́ yín mú."

Ó sì dì í mú títí wọ́n fi yọ eyín náà. Nígbà tí wọ́n ń sọdá bọ̀, ọwọ́ ṣì wà nínú ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá ló ṣáájú. Ọmọbìnrin náà rí wọn láti ẹnu ìsọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gbé eegun kaná fúnra rẹ̀.

"Ata ńkọ́?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

"Kò sí. Màá jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí òwú bá kúrò, Bàbá á mu ún."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọmọ alápatà kan báyìí, ẹlẹ́nu ṣáṣá."

Àwọn oníbàárà ti dé. Wọ́n ń retí ẹni tí yóò jẹ ẹran òwúrọ̀. Bàbá dìde, ó mú ẹyọ tó wà lórí ààrò, ó wò ó pẹ́, ó sì fi í lé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́wọ́.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gé e sí méjì, ó fún ọmọbìnrin náà ní ìdajì. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, ọkùnrin náà ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Ó dáa," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Ta wá ni èyí tó ń bá yín jẹ ẹran òwúrọ̀?" ni obìnrin kan bèèrè.

"Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀ o! Òwú wà lẹ́nu yín!" ni ọmọbìnrin náà kígbe.

Bàbá sọ ọ́. "Ọkọ ọmọ mi ni."

Òwú dí i lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìsọ̀ ló gbọ́ ọ.