Awọ Tí Kò Mu Òógùn

Bírò mẹ́ta ni mo fi pa irọ́ náà. Ọ̀kan búlúù, ọ̀kan dúdú, ẹ̀kẹta sì ni èyí tí yíǹkì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó jẹ́ pé àfi kí n fi ẹnu fẹ́ ẹ kó tó kọ. Láti ìgbà tí a ti kí ìrun àsùbáà tán ní Ọjọ́rú yẹn ni mo ti jókòó sí etí ibùsùn mi nílé wa ní Ọ̀yọ́. Mo ṣí ìwé pélébé tí àwọn dókítà fún mi sórí itan, mo sì ń kọ iye wákàtí sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ogún, mọ́kàndínlógún, ogún, ogún, méjìdínlógún. Bí mo bá ti kọ ọjọ́ márùn-ún, màá pààrọ̀ bírò, kó lè dà bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni mò ń kọ ọ́. Irọ́ oṣù mẹ́fà ni mo kó jọ ní òwúrọ̀ kan. Mo ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n.

"Mùjídàt," bàbá mi pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ṣé o ti di gàárì rẹ? Mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ kì í dúró de èèyàn o."

"Mo ti dì í, Bàbá."

Gàárì tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ti ẹṣin. Ike líle kan ni, tí àwọn dókítà ń pè ní bírésì, tó gbá mi mú láti abẹ́ àyà títí dé ìbàdí. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá mi, bàbá tó bí wọn sì ṣe gàárì fún àwọn ẹlẹ́ṣin títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lójú tiwọn, ohunkóhun tí a bá ti fi awọ dè mọ́ ara ohun ẹlẹ́mìí, gàárì ni.

Ẹ̀yìn mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn olùwádìí kan wá sí ilé ìwé wa láti ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí a máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn wa. Nígbà tó kàn mí, obìnrin tó ń wò mí ní kí n tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà Adéṣínà nìyẹn, àwọn ni olórí ìwádìí náà. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò egungun ẹ̀yìn mi, a rí i pé ó ti tẹ̀ sí apá ọ̀tún ní dígírì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe aráyé ló ṣe é," Dókítà sọ fún bàbá mi. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ kan bí wọ́n bá ń ga. Ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìsinsìnyí tó ṣì ń ga la lè fi bírésì dá a dúró. Bó bá fi lè tẹ̀ jù, iṣẹ́ abẹ ló kù."

Bírésì tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun wọ́n ju agbára irú wa lọ. Ìdí nìyẹn tí Dókítà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń fi ike ṣe tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́ bíi ti òkè òkun. Àwa ọmọ méjìdínlógún ni wọ́n fún. Iṣẹ́ tiwa kò ju kí a wọ̀ ọ́ fún ogún wákàtí lójúmọ́, kí a kọ iye wákàtí náà sínú ìwé, kí a sì wá fi ara hàn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ike náà gbóná. Bí mo bá fara kan bẹ́ǹṣì, á dún kó, gbogbo kíláàsì á sì bojú wẹ̀yìn. Mubaraq, ọmọkùnrin tí kò lè ṣe ìṣirò kan kó yé e, ló kọ́kọ́ pè mí ní Ìjàpá, orúkọ náà sì mọ́ mi lára ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ lọ. Asiyah, tí a ti jọ ń jókòó láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rọra kó ìwé rẹ̀ lọ sí ìlà iwájú. Ó ní ojú ń dun òun, òun kì í rí pátákó dáadáa. Mo mọ̀ pé ojú Asiyah ríran dé ìdí òpó iná tó wà lẹ́yìn ògiri ilé ìwé.

Ilé náà kò yàtọ̀. Ìyá mi wà ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ìbejì tó bí. Bàbá mi kì í dé láti ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà míì, màá kí redio pé ẹ káàsán. Mo dá wà, ó sì ń dùn mí gan-an.

Síbẹ̀, mo wọ bírésì náà fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n wọ̀ ọ́, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ mí wò, egungun mi kò kúrò lójú kan. Dókítà fi ọwọ́ gbá mi léjìká, inú wọn dùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà ni okùn tí a fi ń de bírésì já. Bàbá mi gé awọ ewúrẹ́, wọ́n rán okùn tuntun mẹ́ta sí i. Wọn kò pa á láró, nítorí aró á ba yúnífọ́ọ̀mù mi jẹ́, ó sì funfun nini. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà wọ́n. Ní ọjọ́ méjèèjì yẹn, mo lọ sí ilé ìwé láìwọ nǹkan kan. Asiyah fi apá kọ́ mi lọ́rùn, a jọ rìn bọ̀ wálé, a sì rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.

Ní ọjọ́ kẹta, awọ ti délẹ̀. Mo di bírésì níwájú bàbá mi, àmọ́ bí wọ́n ṣe jáde tán, mo tú u, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Híjáàbù mi gùn dé ìdí, ta ló fẹ́ mọ̀? Kí wọ́n tó dé ní ìrọ̀lẹ́, màá ti dì í padà. Bí mo bá sì ti wọ yàrá mi lọ sùn, màá tún tú u. Bó ṣe di wákàtí méjì lójúmọ́ nìyẹn, tí mò ń wọ̀ ọ́ fún ojú bàbá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra awọ náà, bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò. Wọn kì í sọ nǹkan kan.

Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọjọ́rú yẹn, kẹ̀kẹ́ gbé wa gba àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Under G kọjá. Àwọn ọmọ yunifásítì tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ti ara wọn léjìká. Mo wò wọ́n títí a fi yà.

Ní ilé ìwòsàn, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun àwọn Aládùúrà jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Èjìká ọmọ náà kan ga ju ìkejì lọ. Nígbà tí mo jókòó, bírésì mi dún kó. Ìmọ́lẹ̀olúwa kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kàn án, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Ó kàn ń mú ooru ni."

"Èmi náà wá kí wọ́n wọn tèmi lónìí." Ó gbé etí lé ike náà. "Mò ń gbọ́ bí àyà yín ṣe ń lù."

Kò gbé orí rẹ̀ kúrò. Ó fara tì mí bẹ́ẹ̀ títí oorun fi fẹ́ gbé e lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fara ti ike yẹn, omi sì lé sí mi lójú.

Wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n pe èmi àti bàbá mi wọlé. Dókítà Adéṣínà gbé fọ́tò náà síwájú ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́.

"Dígírì mẹ́tàdínlógójì," wọ́n ní. Wọ́n ṣí ìwé mi, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé àwọn nọ́ńbà náà. "Ogún, mọ́kàndínlógún, ogún. Mùjídàt, o gbìyànjú. Nínú àwọn ọmọ méjìdínlógún, kò sí ẹni tí ìwé rẹ̀ pé tó tìrẹ."

Ilẹ̀ ni mò ń wò.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ nígbà náà," Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn wọn sì ti rẹlẹ̀. "Ike wa ni. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò lè dá nǹkan kan dúró mọ́. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń rọ̀. A ó dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ná."

"Ṣé ó dá yín lójú, Dókítà?" bàbá mi béèrè. Wọ́n tún ń fi àtàǹpàkò ra awọ bírésì tí mo bọ́ sórí àga. Èmi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń béèrè.

"Ìwé ọmọ yín ni mò ń tẹ̀ lé, Bàbá. Kí ni mo tún fẹ́ tẹ̀ lé?"

Bàbá mi gbé bírésì náà lọ́wọ́. Mo dìde tẹ̀ lé wọn.

Dókítà bá wa jáde, wọ́n sì lọ bá ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa. "Mà, ẹ má bínú. A ò ní lè wọn ọmọ yín lónìí. Bírésì wa níṣòro. Ó lè tó ọdún kan ká tó tún un ṣe."

"Ọdún kan kẹ̀, Dókítà?" Obìnrin náà dìde. "Ọmọ tó ń ga lójoojúmọ́?"

Ìmọ́lẹ̀olúwa wo ojú ìyá rẹ̀, ó wá wo bírésì tó wà lọ́wọ́ bàbá mi. Kò sunkún. Ó kàn padà lọ jókòó, ó fà sẹ́yìn sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì níbi tí kò ti kan ẹnikẹ́ni. Mo mọ ìjókòó yẹn. Bí mo ṣe ń jókòó ní kíláàsì nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, èmi ni mo tì í síbẹ̀.

Mo sún mọ́ wọn. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ike náà kò rọ̀. Èmi ni mi ò wọ̀ ọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Láti ìgbà wo?" Dókítà béèrè.

"Láti ìgbà tí okùn ti já. Òwúrọ̀ yìí ni mo kọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn."

Dókítà kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sì fọwọ́ ra ojú. "Ọmọ méjìdínlógún péré ni yín, Mùjídàt. Irọ́ ẹnì kan nínú yín tó láti ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́. Mo ti fẹ́ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò ṣiṣẹ́." Wọ́n yọ bírò, wọ́n fa ìlà lórí orúkọ mi. "Mi ò lè lo ìwé rẹ mọ́. Màá ṣì máa tọ́jú rẹ, ṣùgbọ́n o ti kúrò nínú ìwádìí yìí. Mi ò sì ní tàn ọ́ jẹ. Bí egungun yẹn bá fi lè kọjá dígírì márùndínláàádọ́ta, iṣẹ́ abẹ ni."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ sí ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa. "Ẹ mú un wọlé, mà. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n."

Ní gáréèjì, èmi àti bàbá mi jókòó de mọ́tò Ọ̀yọ́. Bírésì wà lórí itan wọn. Mo ń retí kí wọ́n nà mí lọ́rọ̀, àmọ́ awọ náà ni wọ́n gbé síwájú mi.

"Wò ó dáadáa. Awọ ewúrẹ́ tí a kò pa láró, bó bá ń mu òógùn èèyàn, oṣù kan ni á dúdú. Oṣù mẹ́fà rèé. Ó ṣì funfun bí ọjọ́ tí mo rán an."

"Ẹ ti mọ̀, Bàbá?"

"Láti oṣù kejì."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"Mo rí ìwọ àti Asiyah lọ́jọ́ kan, ẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìwé, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ ṣe ń dún. Mo ní kí n fi ọ́ sílẹ̀ di ọ̀la kó o tún rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀la di ọ̀tunla. Èmi náà jẹ̀bi, Mùjídàt. Àánú tí mo ṣe ọ́ kò ṣe ẹ̀yìn rẹ láǹfààní."

Mo sunkún nígbà náà. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo dìde dúró lójú gbogbo èrò, mo na apá mi méjèèjì. "Ẹ bá mi dì í, Bàbá."

Wọ́n dì í le.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí. Asiyah ṣì wà ní ìlà iwájú, Mubaraq ṣì ń pè mí ní Ìjàpá, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo sì ń dá rìn wálé. Kò sí ẹni tó ní kí n kọ wákàtí mi sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mò ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí mo rà fúnra mi, pẹ̀lú bírò kan ṣoṣo. Ní àwọn ọjọ́ kan, ogún ni. Ní ọjọ́ tí ooru pọ̀, mo kọ mẹ́rìnlá, nítorí mẹ́rìnlá ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Èyí tí mo pa lójú tèmi kò ju nǹkan láàárín èmi àti ẹ̀yìn mi lọ, àṣé ẹ̀yìn ọmọ mìíràn ló fẹ́ ṣẹ́. Bí o bá ń ṣàìsàn, má ṣe purọ́ fún ẹni tó ń wá oògùn rẹ, nítorí kì í ṣe tìrẹ nìkan ló ń wá. Bí ìdáwà bá sì ń pa ọ́, sọ ọ́ jáde, kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ má baà máa fi ìdákẹ́ ṣàánú rẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, bàbá mi tún fi àtàǹpàkò ra awọ náà. Ó ti dúdú ní ibi tó gba abẹ́ apá kọjá, ó sì ti ń rùn díẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ni gàárì ti ń gùn ún."