Ooru Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Ọláolú sùn, kò jí.

Ọkùnrin tó fi èjìká ara rẹ̀ ru àpò ẹ̀wà mẹ́rin wọlé lọ́jọ́ Sátidé, tó ń bá gbogbo ilé ṣẹ̀fẹ̀, òun ni wọ́n já ilẹ̀kùn bá lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ Mọ́ńdè, ara rẹ̀ ti tutù, èébì ti gbẹ sí i létí ẹnu. Kò tíì pé ogójì ọdún. Adékẹ́mi ìyàwó rẹ̀ ti mú Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun nìkan ló wà nínú yàrá. Dókítà ní kí àwọn yẹ òkú náà wò. Ẹbí ní láéláé, kò sẹ́ni tó máa kun ọmọ àwọn bí ẹran. Wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n sin ín. Ìbéèrè náà wá kù sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta, nítòsí ojú irin: kí ló pa Ọláolú?

Ìyá Caroline ló ń gbé yàrá tó kángun sí tiwọn, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ọdún kejìlélógójì rẹ̀ rèé nínú yàrá yẹn. Ẹ̀wà lòun náà tà ní Oyíngbò kí orúnkún tó kọ̀ fún un. Láràárọ̀, á fọ́n ìrẹsì sójú fèrèsé fún àwọn ológoṣẹ́, wọ́n á wá, wọ́n á pariwo, wọ́n á lọ. Ẹnu rẹ̀ mú, ohun tó bá rí ló ń wí. Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ̀wà dé yẹn, ó yọ orí síta, ó fa imú, ó ní:

"Ọláolú, kí lo fi sínú ẹ̀wà yìí tó ń rùn bí ááyù tó ti bàjẹ́? Ata gbígbẹ làwa ń fi sí i nígbà tiwa. Gbé e jáde! Òórùn yìí á pa èèyàn nínú ilé yìí o!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin. Ibo ni kí n kó o sí, orí yín?"

"Kó o sórí ara ẹ!"

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, òkú. Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi.

"Ó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Àwọn ẹyẹ tó ń bọ́ yẹn ńkọ́? Ẹyẹ lásán nìyẹn?"

"Caroline ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló jẹ ẹ́?"

Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Caroline gbọ́, títí dé èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọlé.

Nígbà tí Adékẹ́mi ti ibi ìsìnkú dé, ojú rẹ̀ ti wú, kò jẹun, kò sùn. Orí fóònù ló ti rí Kóòṣì Ọládèjì, tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn, ó pè é wá sílé. Ọ̀dọ́kùnrin ará Yaba ni, ó wọ kóòtù, ó wọ bàtà kámbọ́ọ̀sì funfun, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan dání tó ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ hàn yí àwòrán èèyàn ká.

"Màdáámù, èmi kì í ṣe wòlíì, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́," ó ní. "Sáyẹ́ǹsì ni mò ń ṣe. Gbogbo èèyàn ló ní ẹ́náájì tó yí ara rẹ̀ ká, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí gílóòbù ká. Téèyàn bá bínú, á gbóná. Tó bá ti ń bínú láti ogójì ọdún, á máa la ògiri kọjá bíi nẹ́tíwọ̀kì."

Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ògiri Ìyá Caroline, ó dijú. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹni tó wà lẹ́yìn ibí yìí, iná ni."

Husnah tó ń gbé yàrá òdìkejì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó jáde ní yunifásítì ni, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Yaba. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ti wọn iná yẹn rí? Àwọn onísáyẹ́ǹsì ti wá a títí, wọn ò rí nǹkan kan."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. "Wọn ò ní rí i. Àwọn tó ń ta oògùn ló ń bọ́ wọn."

Ó wá pàṣẹ fún Adékẹ́mi. Kó fi nylon àti téèpù dí fèrèsé àti gbogbo ihò tó wà lára ògiri. Kí ọmọ má jáde. Ọsibítù kankan, rárá, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, nítorí abẹ́rẹ́ á da ẹ́náájì rẹ̀ rú. Adékẹ́mi dí gbogbo rẹ̀, kò ku ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà.

Ní ọjọ́ kẹta, Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ ọdún mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí í bì, orí sì ń fọ́ Adékẹ́mi náà. Ọmọńlé méjì já bọ́ láti òkè àjà, wọ́n ti kú.

"Ẹ rí i?" Kóòṣì ní. "Ó ń bá wa jà padà."

Láti ẹ̀yìn ògiri ni Ìyá Caroline ti ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń bì. Ó fọwọ́ dí etí, etí ò dí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Caroline nígbà tí ibà mú un lọ́dún 1988. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọsibítù, kí ìyá rẹ̀ dúró lórí àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dúró. Ní ọjọ́ kẹrin tó gbé e dé ọsibítù, dókítà kàn wo ọmọ, ó wo òun, ó ní, "Kí lẹ ń dúró dè?" Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kò gbọ́ ọ.

Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Adékẹ́mi, gbé ọmọ yìí lọ ọsibítù Ìdí-Àràbà. Báyìí!"

"Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi! Ẹ ti pa ọkọ, ọmọ lẹ tún ń bọ̀ wá gbà?"

Ariwo náà ló fa ìpàdé. Bàbá Ọláṣùpọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, alága àwọn ayálégbé, kó gbogbo wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kóòṣì náà wà níbẹ̀.

"Ìyá Caroline, ẹ má bínú," Bàbá Ọláṣùpọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Mò ń bínú. Ẹ máa wí tẹnu yín."

"Àwọn èèyàn ní kí ẹ lọ sinmi díẹ̀ ní Iléṣà, ìlú yín."

"Kò rẹ̀ mí."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀?" Kóòṣì na tábúlẹ́ẹ̀tì sókè. "Ẹ wò ó, pupa ni gbogbo ara rẹ̀!"

"Ìró mi ló pupa, ọmọ yìí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn kan, wọ́n sáré gbé e mì. Ìyá Caroline kọjú sí i.

"O ní o mọ ooru mi láti ẹ̀yìn ògiri?"

"Láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn, Màmá."

"Ó dáa. Kọ́tìnì fẹ́lẹ́ ju ògiri lọ. Yàrá mi ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé. Ìwọ jókòó síbí, kó o na ọwọ́ ẹ sí kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà mi. Èmi àti Bàbá Ọláṣùpọ̀ á wà nínú yàrá. Bàbá á ju ìdérí ìgò sílẹ̀. Tó bá dojú dé, èmi ni màá wá dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Tó bá ṣíjú, Bàbá ni. Ìwọ ṣáà sọ pé 'òun ni' tàbí 'òun kọ́.' Adékẹ́mi á ká kọ́tìnì wò, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tó o bá gbà á, màá di ẹrù mi lónìí. Tó o bá kùnà, ọmọ yìí á lọ ọsibítù."

Kóòṣì wo ojú àwọn èèyàn. Kò lè sọ pé rárá. "Mo gbà."

"Ó ku ọ̀kan. Adékẹ́mi, tó bá jẹ́ pé iná ni mí lóòótọ́, kí lọmọ ẹ ń ṣe nínú ilé pẹ̀lú iná? Jẹ́ kí Husnah gbé e dání ní ẹ̀yìnkùlé, nínú afẹ́fẹ́, títí a ó fi ṣe tán."

Adékẹ́mi ronú sí i, kò rí ibi tó gbà burú. Ó gbé ọmọ náà fún Husnah.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì dijú, ó na ọwọ́. "Òun ni!" Adékẹ́mi ká kọ́tìnì: orí pípá Bàbá Ọláṣùpọ̀ ló yọ. Ẹ̀ẹ̀kejì: "Òun kọ́." Kọ́tìnì ká.

"Ẹ káàsán o," ni Ìyá Caroline wí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbà á. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó kùnà. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀keje, mẹ́ta péré ló gbà. Òógùn ti mu kóòtù rẹ̀.

"Iyèméjì yín ló ń dí i lọ́wọ́," ó pariwo. "Ẹ́náájì kì í ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn aláìgbàgbọ́ bá wà!"

Ohùn Ìyá Caroline jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Agbára tó la ògiri, tó pa géńdé tó ń sùn jẹ́jẹ́, òun ni iyèméjì Husnah ń lé sá?"

Adékẹ́mi ò rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bírò tó mú lọ́wọ́ dúró.

Kóòṣì bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo wọn dákẹ́, kí wọ́n dijú, kí wọ́n gbà gbọ́. Ilé pa rọ́rọ́. Bàbá Ọláṣùpọ̀ ju ìdérí ìgò. Kó tó balẹ̀, Husnah yọjú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Màmá," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ojú rẹ̀ ti yí."

Ìyá Caroline wo ọmọ náà. Ètè rẹ̀ ti dúdú, ọrùn ò dúró mọ́. Ìdérí ìgò yí lórí sìmẹ́ńtì, ó yí, ó ń wá ibi tó máa sùn sí. Kí lẹ ń dúró dè?

Kò dúró wo ojú tó dé. Ó fa ọ̀já lórí okùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Bàbá Ọláṣùpọ̀ gbé ọmọ sí i lẹ́yìn láìsọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde. Orúnkún tó kọ̀ fún un, ó gbàgbé pé òun ní orúnkún.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Kóòṣì bú sí igbe.

"Òun ni! Òun ni! Ẹ wo ọwọ́ mi, ó ń jó mi! Kò tíì gbóná tó báyìí rí!"

Adékẹ́mi ká kọ́tìnì.

Kò sí ẹnì kankan. Àpótí ìjókòó ló wà níbẹ̀, àti ìdérí ìgò, àti ológoṣẹ́ méjì tó ń ṣa ìrẹsì lójú fèrèsé.

"Ó ti fò lọ!" ni obìnrin kan kígbe.

Adékẹ́mi wo àwọn ẹyẹ náà. Ó yíjú wo ọwọ́ Kóòṣì tó ṣì nà sí yàrá òfìfo, tó ń gbọ̀n. Ó ju bírò sílẹ̀, ó sáré.

Ẹ̀bá títì ló bá wọn. Husnah ti dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, Ìyá Caroline ti wọlé, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ fún mi lọ́mọ mi."

"Wọlé wá gbé e fúnra ẹ. Wọlé, Adékẹ́mi!"

Ó wọlé. Kẹ̀kẹ́ ṣí. Ìyá Caroline tẹ imú mọ́ aṣọ ọmọ náà, òórùn ááyù bíbàjẹ́ yẹn ló tún gbọ́.

"Kí lọkọ ẹ fi sínú ẹ̀wà yẹn?"

"Oògùn kòkòrò ni, Màmá. Hóró hóró. Ó dì í sínú aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpò. Nígbà tí mo dé, kòkòrò tún ń yọ, èmi náà fi mẹ́rin sí i."

"Nínú yàrá tó o fi téèpù dí?"

Adékẹ́mi ṣí ẹnu. Igbe bọ́ lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tí kò tíì ké nígbà tí wọ́n ń sin ọkọ rẹ̀.

"Má sunkún báyìí," Ìyá Caroline ní. "Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn, sọ ọ́ fún dókítà. Má fi ọ̀kan pamọ́."

Ní ọsibítù, dókítà gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní oògùn yẹn máa ń di afẹ́fẹ́ tó ń pani, ẹ̀wà tí wọ́n bá fi í sí ò gbọdọ̀ wọ ibi tí èèyàn ń sùn, ká má tíì wá sọ ibi tí wọ́n dí. Ó fi ọ́síjìn sí imú ọmọ. Ó wá yíjú sí ìyá àgbà tó wọ ìró pupa.

"Ó dáa tẹ́ ẹ tètè gbé e wá, Màmá," ó ní.

Ilẹ̀ ni Ìyá Caroline jókòó sí. 

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ayọ̀mípọ̀sí bèèrè bísíkítì. Kó tó dé ilé, wọ́n ti kó ẹ̀wà jáde, wọ́n ti ya gbogbo nylon, fèrèsé ti ṣí gbayawu. Kóòṣì ti lọ. Wọ́n ní ó ń sọ lórí fóònù pé òun lòun pa iná arúgbó náà.

Bàbá Ọláṣùpọ̀ kó àwọn ayálégbé wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú," Ìyá Caroline ní. Ó gbé àpótí rẹ̀ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó. "Mi ò tíì bínú tó báyìí láyé mi. Ẹ wọ yàrá yín, kẹ́ ẹ lọ máa wò ó bóyá ìbínú mi á pa yín."

Láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan sọ nídìí ẹ̀rọ omi. Kò sẹ́ni tí orí fọ́. Kò sẹ́ni tí inú run. Níbi tó ti ń bínú yẹn gan-an ni Ayọ̀mípọ̀sí ti jáde wá, ó gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé orí lé e láyà.

Ó sùn. Nígbà tó ṣe, ó jí.