Ta Ló Ni Kòkó Inú Oko Láoyè?

Bí èèyàn bá gba Àgọ́ Aláyè kọjá lásìkò kòkó, oko Láoyè ni yóò kọ́kọ́ wò. Kòkó á so láti ìdí igi dókè, abẹ́ igi á mọ́ roro. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olóko." Láoyè á rẹ́rìn-ín, á ní wọ́n ṣeun.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn rí pé Pa Fádáre, ọmọ onílẹ̀, ló ni oko. Bí àpò kòkó mẹ́ta bá jáde, méjì ni ti Pa Fádáre, ọ̀kan ni ti Láoyè tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti kúrò ní Ìwó wá ṣe iṣẹ́ yìí. Orúkọ olóko dùn, àbí ta ni kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀?

Láàárín ọdún mọ́kànlá náà, òun àti Ẹ̀bùnọlá ìyàwó rẹ̀ ti rọra kó ẹgbẹ̀rin náírà jọ. Ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi rà ní Aráròmí-Obù, kí àwọn náà lè ní kòkó tí ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn pín. Onílẹ̀ ibẹ̀ ti ní kí wọ́n mú owó wá lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ẹlòmíràn ti ń yọjú sí i.

Ṣùgbọ́n ọdún 1978 ni à ń wí yìí. Owó epo ti dé, kò sì sí ibi tí wọn kì í ti sọ̀rọ̀ ṣíà, ìyẹn ìpín téèyàn ń rà nínú ilé-iṣẹ́. Lọ́jọ́ Wẹsidé, Láoyè bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Báyọ̀ pàdé ní ibùdókọ̀ Òrè. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú owó, tó sì ń fi owó náà dókòwò fún wọn, ni Báyọ̀ ń bá ta ṣíà. Ìlọ́po lorúkọ rẹ̀. Báyọ̀ ní owó tó wà lọ́wọ́ Ìlọ́po tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Ti Òkè-Ọlá, tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò ju mílíọ̀nù méjì lọ. Síbẹ̀, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni ṣíà Ìlọ́po kan, ti Òkè-Ọlá jẹ́ náírà kan. Ó ní títà yóò parí lọ́jọ́ kejì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Lójú Láoyè, ẹni tí oko rẹ̀ tóbi jù, tó tún ń tà á lówó pọ́ọ́kú, kí ló kù? Ó ní ẹgbẹ̀rin náírà náà ni òun máa kó lé e, ilẹ̀ lè dúró.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Ẹ̀bùnọlá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ sílẹ̀. "Bàbá Oyèlọlá," ló wí, "ọdún mọ́kànlá wa lẹ fẹ́ gbé fún ẹni tí ẹ mọ̀ lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá Akíntọ́lá sọ ọ́." Akíntọ́lá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó. Láoyè gbà, kí ọ̀rọ̀ má bàa di ìjà. Owó wà lápò rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Agogo mẹ́ta ti kọjá kó tó dé ọ́fíìsì Akíntọ́lá ní Òrè. Akọ̀wé náà ń bá obìnrin kan sọ èdè Ìkálẹ̀. Nígbà tó rí Láoyè, ó yí i sí Yorùbá tí àlejò rẹ̀ gbọ́. Láoyè sọ gbogbo ohun tí Báyọ̀ wí fún un. Akíntọ́lá fa ìwé ìṣirò ọdún ilé-iṣẹ́ méjèèjì yọ. Ó ti kọ̀wé béèrè fún wọn láti Èkó nígbà táwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ọ̀rọ̀ ṣíà.

"Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án yẹn, ta ló ni ín?" ló bi Láoyè.

"Àwọn Ìlọ́po náà ni."

Akíntọ́lá wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, kòkó inú oko tí ẹ ń tọ́jú, ta ló ni ín?"

Ojú ti Láoyè. Akíntọ́lá yìí ló ń wọn kòkó fún ẹgbẹ́, ó mọ orúkọ tó wà lára àpò.

"Ìdá kan nínú mẹ́ta ni tèmi," ló wí jẹ́ẹ́.

"Tiwọn kò tilẹ̀ tó ìyẹn. Owó oníbàárà ló wà lọ́wọ́ wọn. Owó iṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ ni tiwọn, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń san owó oṣù òṣìṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nìkan ni ẹni tó ra ṣíà ní ìpín sí. Bí oníbàárà bá kó owó rẹ̀ lọ, owó iṣẹ́ tẹ̀ lé e nìyẹn."

Ó wá ṣí ìwé méjèèjì síra wọn. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà péré ló ṣẹ́ kù fún Ìlọ́po; ti Òkè-Ọlá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá. Bí wọ́n bá pín in, kọ́bọ̀ méjì ló kan ṣíà Ìlọ́po kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ̀ méjìlá ló kan ti Òkè-Ọlá. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Èyí tó burú jù ni pé Ìlọ́po tó jèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ti pín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún àwọn tó ni ṣíà. Wọ́n yá ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yòókù ni, kí wọ́n lè dára lójú àwọn èèyàn. Ìwé wọn fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Báyọ̀ fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọ́n júwe ibẹ̀ fún òun, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù, ọkọ̀ Èkó ń dúró de òun.

Láoyè kọjú sí i. "Báyọ̀, nígbà tẹ́ ẹ san owó oṣù tán lọ́dún tó kọjá, èló ló ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́?"

Báyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ wa."

Láoyè mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín tí òun fúnra rẹ̀ máa ń rín nìyẹn nígbà tí wọ́n bá pe òun ní Bàbá Olóko. Ó fi ọwọ́ di àpò rẹ̀ mú, ó ní kí Báyọ̀ máa lọ, kí ọkọ̀ má bàa fi í sílẹ̀.

Ó wá béèrè bóyá kí òun kó owó náà lé Òkè-Ọlá. Akíntọ́lá mi orí. Ó ní Òkè-Ọlá sàn ju Ìlọ́po lọ lónìí, ṣùgbọ́n kò sí ṣíà tí iye rẹ̀ kì í wálẹ̀. "Owó ilẹ̀ yín kì í ṣe owó ṣíà. Èyí tí ẹ lè pàdánù kí ẹ sì jẹun alẹ́ ni kí ẹ fi rà á."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ẹ̀bùnọlá ló ka owó lé onílẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn kòkó ọdún kejì, Láoyè ra ọgbọ̀n ṣíà Òkè-Ọlá.

Nígbà tí arìnrìn-àjò kan tún kí i ní Bàbá Olóko, ó nàró, ó ní, "Pa Fádáre ló ni ín. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Tèmi wà ní Aráròmí-Obù, ó ṣì kéré."

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá fẹ́ ra ṣíà ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú owó, ẹ má fi iye owó tó wà lọ́wọ́ wọn díwọ̀n, ẹ má sì tìtorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n rà á. Ẹ gba ìwé ìṣirò ọdún wọn. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò sì ń tà á. Ẹ wo èyí tó ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́, iye tó kan ṣíà kọ̀ọ̀kan, àti bóyá inú èrè ni wọ́n ti ń pín. Ẹni tó bá ń lé yín ní eré pé àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ kó máa sáré tirẹ̀ lọ. Kí owó yín tó kúrò lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n pé ta ló ni oko. Bí ẹ̀rín ni wọ́n bá fi dáhùn, ẹ gbé owó yín padà sílé.