Gbémi àti Àtẹ̀gùn Tó Ń Rìn

Gbémi ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún márùn-ún àtààbọ̀ ni. Ẹ má gbàgbé àtààbọ̀ yẹn o, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò.

Ilé wọn wà ní Forest Park, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí òrùlé. Wùùùù. Òun, Mọ́mì, Dádì àti Màmá Àgbà ló ń gbé níbẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Gbémi àti Màmá Àgbà máa ń wọ rélùwéè lọ sí láíbìrì ní àárín ìlú Atlanta. Mọ́mì á fi mọ́tò gbé wọn dé ìdí rélùwéè, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Rélùwéè á wọ abẹ́ ilẹ̀. Òkùnkùn á bo fèrèsé. Lẹ́yìn náà iná á tàn, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan tó jìn gan-an nísàlẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀ yẹn, òkè jìnnà débi pé agbára káká lèèyàn fi ń rí i. Àtẹ̀gùn tó ń rìn ló máa ń gbé gbogbo wọn gòkè.

Àtẹ̀gùn náà ti darúgbó. Tó bá ń lọ, á máa ráhùn. Kẹ́rẹ́-kẹ́ẹ́. Kẹ́rẹ́-kẹ́ẹ́.

Àwọn èèyàn á dúró lórí rẹ̀, wọ́n á máa wo fóònù wọn. Ní ti Gbémi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wò.

Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn nínú. Tí àtẹ̀gùn bá dókè, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì wọ abẹ́ irin kan tó léyín. Ọ̀kan wọlé. Òmíràn wọlé. Kò sí èyí tó jáde.

Gbémi rò pé irin yẹn ń jẹ wọ́n ni. Tó bá lè jẹ odindi àtẹ̀gùn, kí ni bàtà ọmọdé jẹ́ lẹ́nu rẹ̀?

Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fẹ́ dókè, Gbémi á dijú pinpin. Màmá Àgbà á gbé e fò. Hóóp. Gbémi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì í.

Ní Sátidé kan, àtẹ̀gùn náà dákẹ́. Kò sí kẹ́rẹ́, kò sí kẹ́ẹ́. Wọ́n ní ó ti gbó jù, wọ́n máa gbé tuntun wá síbẹ̀.

Inú Gbémi dùn pé ó dákẹ́. Àmọ́ kò fẹ́ tuntun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ilé gbàdúrà. Kálukú sọ ohun tó fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe. Nígbà tó kan Gbémi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì rọra sọ tiẹ̀.

"Ọlọ́run, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbé tuntun wá."

"Àmín," ni Màmá Àgbà wí. Kò gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà kì í jẹ́ kí àdúrà kankan kọjá láìṣe àmín sí i, àmín tiẹ̀ sì máa ń mi ife tíì lórí tábìlì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi pákó yí ibẹ̀ ká. Gbì. Gbì. Gbàgà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dé akoto ń tú àtẹ̀gùn àtijọ́ palẹ̀.

Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Màmá Àgbà dúró, ó wo ọ̀kan nínú wọn lójú. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí.

Ọkùnrin náà wo Gbémi. Gbémi fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé ìyá àgbà òun ń kí i fún iṣẹ́ tó ń ṣe ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sáyà, ó dúpẹ́. Ó ní Israel ni orúkọ òun. Láti ọjọ́ náà, Uncle Israel ni Gbémi ń pè é.

Wọ́n wá ń fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn kejì, èyí tí kì í rìn. Gbémi ń fò lọ bí ọ̀kẹ́rẹ́. Màmá Àgbà gun mẹ́wàá, ó dúró, ó di orúnkún mú. Ó gun mẹ́wàá, ó dúró.

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ yàrá kékeré, tó ń gbé èèyàn sókè. Màmá Àgbà ní ohun tó bá ń pa ilẹ̀kùn dé mọ́ èèyàn láìní fèrèsé, òun ò wọ̀ ọ́. Tí Màmá Àgbà bá ti sọ báyẹn, ó parí.

Ní Sátidé kejì, ó gun mẹ́wàá, ó dúró. Ní Sátidé kẹta, ó gun márùn-ún péré, ó dúró.

Lọ́jọ́ náà, orúnkún Màmá Àgbà wú. Mọ́mì fi ìpara gbígbóná ra á. Ó ní kò sí láíbìrì mọ́, àfi tí wọ́n bá ṣe àtẹ̀gùn tuntun tán.

Màmá Àgbà jókòó sórí àga. Ó kàn ń wo báàgì ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Inú Gbémi bà jẹ́ gan-an, torí ó rò pé àdúrà òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n gbé tuntun wá. Irin yẹn ń jẹ àtẹ̀gùn. Ó máa jẹ shoe mi."

"Èmi náà sì ṣe àmín sí i," ni Màmá Àgbà wí. Ó fa ọmọ náà mọ́ra. Ó ní Ọlọ́run kì í torí àdúrà ọmọdé ba orúnkún àgbà jẹ́, àtẹ̀gùn náà gbó ni. "Ṣùgbọ́n irin eléyín yẹn, a máa lọ wò ó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mọ inú rẹ̀."

Nígbà tí orúnkún náà sàn díẹ̀, wọ́n bẹ Mọ́mì. Wọn ò ní gun nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa dúró, wọ́n á bá Uncle Israel sọ̀rọ̀, wọ́n á sì wọ rélùwéè padà wálé. Mọ́mì gbà.

Uncle Israel gbọ́ ọ̀rọ̀ Gbémi dé òpin. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣí fèrèsé kékeré kan lára pákó náà, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú.

Àtẹ̀gùn tuntun ti wà níbẹ̀. Wọ́n so wọ́n pọ̀ yíká, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Uncle Israel fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sára ọ̀kan. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ṣììì. Àtẹ̀gùn alámì ń gòkè lọ. Ó ń kéré sí i. Ó wọ abẹ́ irin eléyín. Kò sí mọ́.

Gbémi di ọwọ́ Màmá Àgbà mú. Àtẹ̀gùn kan jáde nísàlẹ̀. Kì í ṣe òun. Òmíràn jáde. Kì í ṣe òun.

Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Òmíràn jáde. Àmì funfun wà lára rẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni Gbémi wí. "Kò jẹ ẹ́. Abẹ́ ló gbà padà."

Uncle Israel ní eyín yẹn wà níbẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa tẹ̀ lé àtẹ̀gùn wọlé ni. Ó ní kí Gbémi máa so okùn bàtà rẹ̀ dáadáa, kó sì gbé ẹsẹ̀ tó bá dókè. Gbémi túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Àgbà. Màmá Àgbà ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ.

Ní ọjọ́ kejì, Gbémi gbàdúrà mìíràn. Kò fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n tètè parí iṣẹ́ náà, gbogbo ilé sì ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọjá.

Ní Sátidé kan, kò sí pákó níbẹ̀ mọ́. Àtẹ̀gùn tuntun ń dán. Ṣììì, ló ń lọ, jẹ́jẹ́.

Gbémi wo okùn bàtà rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á díẹ̀. Màmá Àgbà na ọwọ́ láti gbé e.

"Ẹ má gbé mi, Màmá," ni Gbémi wí. "Ẹ kàn di ọwọ́ mi mú."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e. Àtẹ̀gùn ń gbé wọn lọ. Màmá Àgbà ò di orúnkún mú. Ó dúró dáadáa, ó sì ń kọrin jẹ́jẹ́.

Òkè ń bọ̀. Àtẹ̀gùn ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbémi la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀. Hóóp.

Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa dí àwọn èèyàn lọ́nà. Màmá Àgbà ní kí wọ́n máa lọ, láíbìrì ti ṣí. Gbémi ní kó dúró díẹ̀.

Ó wo àtẹ̀gùn kan bó ṣe ń wọ abẹ́ irin lọ. Ó juwọ́ sí i.

"Ó dàbọ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Màmá Àgbà mú, wọ́n sì gba ọ̀nà láíbìrì lọ.